Omi gbígbóná kọ́ ló ń dá ilé ọmọ padà

Sí Olóòtú,

Láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, bí wọ́n bá ti gbé ìyá ìkókó délé báyìí, omi ti ń hó lórí iná nìyẹn. Wọn a ri aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, wọn a fi tẹ ikùn rẹ̀ títí ara á fi pọ́n, pé kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú lè jáde, kí ilé ọmọ sì padà sáyè rẹ̀. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìtọ́jú ẹ̀yin ìyá wa. Títẹ̀ yẹn gan-an la ní ọ̀rọ̀ bá.

Kété tí olóbì bá jáde, ilé ọmọ a máa wúwo tó nǹkan bíi kílò kan, orí rẹ̀ á sì wà nítòsí ìdodo. Bí ìbú ìka kan ló ń sọ̀ lójúmọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 2, ọwọ́ kì í bá a mọ́ lórí ikùn. Ọmú tí ọmọ ń fà ló ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́: bó ti ń fà á ni ilé ọmọ ń fún pọ̀. Ìdí rèé tí inú fi ń run ìyá tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, pàápàá ẹni tó ti bí mẹ́ta mẹ́rin. Kì í ṣàìsàn. Àpòòtọ̀ tó kún ló ń dí iṣẹ́ ilé ọmọ lọ́wọ́. Á ti ilé ọmọ sókè, kò ní í lè fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya. Kí ìyá máa tọ̀ ní wákàtí 3 sí 4, bí ìtọ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ náà mọ ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀. Á pupa fún bí ọjọ́ 4, á wá dà bí omi tí a fi ṣan ẹran, lẹ́yìn ọjọ́ 10 á funfun, á sì dá láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ṣùgbọ́n bó bá rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, tí ẹ̀jẹ̀ dídì tó ju ẹyin adìyẹ lọ ń jáde, tó ń rùn, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tójú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ má gbé omi kaná. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì lè mú ìyá títí di ọ̀sẹ̀ 6.

Omi gbígbóná a máa bó awọ ikùn. Ẹni tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Tójú ara bá ya, kó jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Káún àti Dettol kò sí níbẹ̀.

Kó má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, sílẹ̀, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ 6. Wàrà wa dára fún un, àmọ́ kó má fi lo oògùn náà, bẹ́ẹ̀ ni tíì. Kó fi wákàtí 2 sáàárín.

Àwa agbẹ̀bí,
Ìlọrin.