Sí Yétúndé, láti Melbourne, ilẹ̀ Australia

Yétúndé ọ̀rẹ́ mi,

Mo ti dé o. Ẹsẹ̀ mi ṣì wú díẹ̀, ojú mi sì pọ́n bí ojú ẹni tó ṣàìsùn òkú, àmọ́ mo ti dé, ara sì le. Agogo 3 òru ọjọ́ Àìkú ló lù níbí. Ní Adó, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, bóyá o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Ọjà Ọba bọ̀. Wákàtí 9 ni ilẹ̀ ibí fi ṣáájú tiwa, ara mi ò sì tíì gbà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú mi á là. Bó bá di ọ̀sán, oorun á fẹ́ dá mi wó. Ǹ bá pè ọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹkún á gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ìgèdè la ti gbéra láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, torí Màmá ò gbà kí n fi alẹ́ rìn rárá, bí ọ̀nà ṣe dà lásìkò yìí. Àrámọkọ, Ẹ̀fọ̀n, Ìléṣà, Ifẹ̀, Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ti ń ro mí kí n tó rí Ìkẹjà. Ìní ló bá mi gbé báàgì kékeré dé ìdí mọ́tò. Kò sunkún, Yétúndé. Ó ní, "Mọ́mì, ó dàbọ̀," ó yí padà, ó lọ ń lé adìẹ Màmá kiri àgbàlá. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹkún. Mo ti mọ ohun tí màá sọ tó bá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kò dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà kan ni mo bọ́ sí nínú bàálù tó gbé wa dé Doha, ní ilẹ̀ Qatar. Bí wọ́n ṣe kí mi báyìí ni mo ti mọ̀ pé èèyàn wa ni, ọmọ Ìjerò ni wọ́n, ọmọ wọn obìnrin ló bímọ tí wọ́n ń lọ bá a tọ́jú. Èmi ni mo bá wọn de bẹ́líìtì. Nígbà tí bàálù gbéra tí etí bẹ̀rẹ̀ sí í dí, wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí, wọ́n ń pe orúkọ Jésù, wọ́n sì tún ń ké sí orí ìyá wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé oúnjẹ wá, ìrẹsì àti adìẹ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ata. Ìyá àgbà yẹn wo abọ́ náà títí, wọ́n ní, "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ." Ni wọ́n bá jẹ ẹ́ tán pátápátá, wọ́n ní ṣé màá jẹ tèmi. Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín látìgbà tí mo ti kúrò ní Ìgèdè nìyẹn. Bíi wákàtí 7 la lò, ó sì dùn mí nígbà tí a pínyà.

Ọjọ́ Ajé, inú pápákọ̀ òfurufú Doha ni mo ti lò ó tán, lórí àga. Wọ́n gbé bèbí béárì ràgàjì kan síbẹ̀, aláwọ̀ yẹ́lò, ó ga ju ilé Màmá lọ, àtùpà ńlá sì so mọ́ ọn lórí. Mo ní kí ọmọ kan bá mi ya fọ́tò níwájú rẹ̀, torí Ìní.

Èyí tó kù ló le. Ó lé ní wákàtí 13! Àwòrán ilẹ̀ wà lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú àga, ó ń fi ibi tí a dé hàn: mo sùn, mo jí, orí Òkun Íńdíà la wà, mo tún sùn, mo tún jí, orí òkun náà la ṣì wà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ débi pé ètè mi là. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló sọ fún mi pé kí n máa dìde rìn, kí n sì máa mu omi, pé bí èèyàn bá jókòó pẹ́ báyẹn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin tó wà lójú ọ̀nà ti sùn fọnfọn, ìtìjú sì ni mo fi ń jí i. Nígbà tí a fi máa balẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàtà mi ò wọ ẹsẹ̀ mọ́.

Wọ́n tún tú ẹrù mi. Kò sí oúnjẹ tí èèyàn ò ní kọ sílẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fún wa, mo sì kọ gbogbo rẹ̀: èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, ata gígún, egúsí. Wọ́n fi èlùbọ́ àti ẹja sílẹ̀, wọ́n kó egúsí lọ, torí wọn kì í fẹ́ kí irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè wọ ilẹ̀ wọn, kó má baà gbé kòkòrò tàbí àrùn wọlé. Òfin wọn ni, mo gbà. Àmọ́ Màmá ló fọwọ́ ara wọn bó egúsí yẹn.

Kò tíì ju agogo 5 ààbọ̀ lọ nígbà tí mo jáde síta, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Oṣù Keje tí òjò ń rọ̀ ní Èkìtì, òtútù ló gba ilẹ̀ ibí. Bọ́ọ̀sì ló gbé mi dé ìdíkọ̀ rélùwéè Southern Cross, mo wá wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín títì kọjá. Ọ̀fẹ́ ni láàárín ìlú. Èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni.

Yàrá mi mọ́, èmi àti ọmọ Vietnam kan la jọ ń lò ó, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, mo ti gbọ́ pé ìjọ Yorùbá kan wà, màá wá a lọ. Ṣé òótọ́ ni pé Kúnlé ti mú ọmọ yẹn lọ han ìyá rẹ̀? Kọ ọ́ sí mi ní kíkún.

Yétúndé, mo ti ń pe Ìgèdè láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí Ìní bá fi ti ilé ìwé dé ní agogo 2, agogo 11 alẹ́ ti lù níbí, mo sì ń jókòó dè é. Màmá á ní ó ń sùn. Màmá á ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ alájọgbé. Lónìí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn Màmá, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Wá bá mọ́mì rẹ sọ̀rọ̀." Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo wà nílé ìwé." Ọjọ́ Sátidé! Ọmọ ọdún 6. Mi ò lè sùn mọ́ látìgbà yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàálù.

Jọ̀ọ́, lọ bá mi wò ó ní Sátidé tó ń bọ̀. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Mo ti fi fọ́tò béárì yẹn sórí fóònù rẹ. Fi hàn án, kó o sì dákẹ́. Bó bá béèrè mi, pè mí lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bí kò bá béèrè, má fipá mú un. Ṣáà wò ó dáadáa: ṣé ó ń jẹun, ta ló ń bá a dirun, ọ̀dọ̀ ta ló ń sùn. Màmá á ní kò sóhun tó ń ṣe é, torí wọn ò fẹ́ kí ọkàn mi dàrú. Ìwọ ni màá gbà gbọ́.

Owó mọ́tò rẹ wà lọ́wọ́ Ìyá Ṣèyí, nínú àjọ mi. Mo ti sọ fún un.

Èmi ni,
Fọlákẹ́ rẹ