Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Dísìkì Tòkunbọ̀ Tí Ẹ Tà Fún Mi Ní Owó Tuntun

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà mi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé fóònù níbi tí ẹ ti ń gba ẹ̀sùn ti sọ ọ́ sí mi létí pé oníwàhálà ni mí, torí náà mi ò ní fi ìkíni gígùn dá yín dúró. Nọ́ńbà rìsíìtì mi wà lọ́wọ́ yín. Mo ti fi ránṣẹ́ títí ó fi sú mi.

Dísìkì kọ̀ǹpútà méjì tí ẹ tà fún mi ní tuntun, àlòkù ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kó wọn wọ̀lú ti rẹ́ ẹ̀yin náà jẹ. Ohun tó ń dùn mí ni bí ẹ ṣe sọ mí di bọ́ọ̀lù. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkẹjà ní kí n lọ bá àwọn tó wà níbi tí ẹ ń kó ọjà sí, àwọn yẹn ní kí n padà sí Ìkẹjà. "Ẹ mú rìsíìtì wá." Mo mú un wá. "Ẹ mú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá." Ta ló ń tọ́jú ọ̀rá? Síbẹ̀, mo wá a kàn. Wọ́n ní ọ̀gá wà ní Dubai. Ọ̀gá ti Dubai dé, wọ́n ní ó wà nípàdé. Lórí WhatsApp, àmì méjèèjì á di búlúù, kẹ́kẹ́ á pa.

Ìgbà tí mo wá rí ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé fóònù yẹn lójúkojú, ó ń jẹ búrẹ́dì, kò gbójú sókè. Ó ní: "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní owó ò tó lọ́wọ́. Ẹni tó ń wá ọjà pọ́ọ́kú, kí ló fẹ́ fi tuntun ṣe?" Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín.

Lóòótọ́, mo ní kí á dín owó kù. Sáfà kékeré, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì, ni mo fẹ́ tò sílé, kí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn oníbàárà mi lè ní ibùgbé. Ọmọ tó dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí mo wá rajà (Ọlọ́run á bù kún un, òun nìkan ló níwà níbẹ̀) bá mi ṣírò ẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀dù tó ní ṣíìpù Intel N100 la mú, wáàtì 6 péré ni Intel kọ sí ṣíìpù náà, ìnfátà mi á gbé e. RAM láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ la fi sí i. Ẹ pè é ní tòkunbọ̀, owó tòkunbọ̀ ni mo san, a ò jà. Àpótí rẹ̀ ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò wí nǹkan kan. Gbogbo ibi tí mo ti ṣahun yẹn, nítorí dísìkì ni. Bí àpótí bá fọ́, mo lè ra òmíràn. Fọ́tò ìyàwó tó bá lọ, ọjà wo ni n ó ti rà á? Owó tuntun ni mo san lórí dísìkì, ẹ sì kọ "tuntun" sí rìsíìtì.

Ọ̀gbẹ́ni yín ní SMART, àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń tọ́jú nípa ara rẹ̀, fi hàn pé wákàtí díẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, pé tuntun ni. Ẹ bá mi sọ fún un pé dísìkì Seagate ní àkọsílẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní FARM, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ smartctl 7.4 sì lè kà á. Mo kà á níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí tó lé ní 27,000, ìyẹn ju ọdún 3 lọ tọ̀sán-tòru. Ìkejì ò sàn jù ú lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn oníròyìn ní Jámánì tú àṣírí irú òwò yìí: dísìkì Seagate àlòkù tí wọ́n nu wákàtí rẹ̀ nù kí wọ́n tó tà á ní tuntun. Seagate ní kì í ṣe ọwọ́ àwọn ló ti jáde. Èmi ò bá Seagate jà, ẹ̀yin ni mo sanwó fún.

Èsì wo ni mo gbà? Pé iná NEPA ló ṣe é. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́! NEPA tí a kì í rí, òun ló wá fi wákàtí 27,000 kún dísìkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà?

Máníjà yín wá tọwọ́ bọ̀wé pé owó mi á wọ àkáǹtì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣẹ́gun ti lọ, òmíràn ti tẹ̀ lé e. Mo pè, ó ní òun ò rántí ìwé kankan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà rẹ̀ ni mo fi kún lẹ́tà yìí.

Owó dísìkì méjèèjì ni mo fẹ́, ó pé pérépéré. Mi ò gba pàṣípààrọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ ẹ̀dínwó fún ìgbà mìíràn, torí kò ní sí ìgbà mìíràn. Tí owó náà ò bá tíì wọlé títí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ̀sùn mi á dé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní ọjọ́ Ajé. Òfin wọn ti ọdún 2018 ní kí ẹni tó bá ń ta àlòkù sọ ọ́ fún oníbàárà. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ti tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ó san owó ìwé ìpẹ̀jọ́ tayọ̀tayọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ẹ bá ní kó pè mí má jẹ́ ọ̀gbẹ́ni oníbúrẹ́dì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tẹ́lẹ̀. Orúkọ mi wà lórí rìsíìtì.