Ìwé àdéhùn kì í ṣe èébú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Lẹ́tà màmá kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi gbé kálàmù. Omi ló ba àjà kíṣìnnì màmá náà jẹ́. Wọ́n pe ọmọ Yorùbá kan pé kó wá bá wọn tún un ṣe, ni onítọ̀hún bá gbé ìwé olójú ewé mẹ́ta kalẹ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Inú bí màmá. Wọ́n ní àwa oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Maryland níbí ti di òyìnbó, pé nígbà tí àwọn kọ́lé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnu làwọn fi bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ láti ìpìlẹ̀ títí wọ́n fi kan páànù. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé ìwé kiri yẹn ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Drywall ni iṣẹ́ mi, ọdún kọkàndínlógún rèé. Kí n tó dé Amẹ́ríkà, POP ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, drywall ni pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ògiri àti àjà ilé níbí. Gypsum ni wọ́n tẹ̀ sáàárín bébà méjì tó nípọn, gypsum kan náà tí wọ́n ń sun kó tó di POP. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó gùn ní mẹ́jọ. A ó fi ìṣó oníyìípo dè é mọ́ igi, a ó lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú ibi tí pátákó méjì ti pàdé, a ó wá máa fi nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní mud rẹ́ ẹ. Ẹrẹ̀ ni mud o! Ó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní, torí n kò rí ẹrẹ̀ tó funfun tó bẹ́ẹ̀ rí n'Ìbàdàn.

Ní ọdún 2013, Dádì kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà pè mí pé kí n wá bá àwọn ṣe básímẹ́ǹtì ilé wọn ní Bowie. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. A wò ó yíká, mo ka iye pátákó tí yóò gbà, mo ní 6,500 dọ́là, wọ́n ní kí n gba 6,000, mo gbà. Èmi fúnra mi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ ìwé, àmọ́ ojú tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí bàbá tó máa ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lẹ́yìn ìsìn wá fọwọ́ sí ìwé fún mi? Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, “Àbúrò, ẹ ṣáà bá mi ṣe é kó dán.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu sà, yóò dán.”

Àdéhùn wa ò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ: kó dán.

Mo ṣe é, ó dán. Mo fi sáńpépà fá a, mo fi ọwọ́ pa á láti igun dé igun, kò sí ibi tó gún mi lọ́wọ́. Mo gba 4,000, ó ku 2,000. Lẹ́yìn tí mo kó irinṣẹ́ mi kúrò ni Dádì pe akunlé, wọ́n ní kó fi ọ̀dà semi-gloss aláwọ̀ aró kùn ún, ọ̀dà tó ń kọ mànà bíi bàtà ọlọ́pàá. Wọ́n tún pe oníná, ó to gílóòbù sí ẹ̀gbẹ́ àjà tó fi jẹ́ pé ṣe ni iná ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. “Àbúrò, ẹ wá wo nǹkan tí ẹ ṣe sílé mi.” Mo dé bẹ̀. Dádì ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ògiri gan-an kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú rẹ̀ kọjá gbọọrọ. Gbogbo ibi tí pátákó ti pàdé ló yọ síta bí egungun ìhà màlúù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mo tún lè ka àwọn ojú ìṣó.

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹnu mi ò gbà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àtàwọn ọmọkùnrin méjì fi tún un rẹ́ látòkè délẹ̀. Èmi ni mo san owó àwọn ọmọ náà, èmi ni mo san owó akunlé lẹ́ẹ̀kejì. 2,000 tó kù yẹn, ẹgbẹ̀rún kan péré ni mo rí gbà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà kejì ni Dádì ń gbà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ta ló jẹ̀bi? Èmi ni. Dádì ò mọ iṣẹ́ yìí, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà ti pín ìparí ògiri sí oríṣi mẹ́fà, láti Level 0 dé Level 5. Bí wọ́n bá sọ pé Level 1, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n fi mud tẹ̀ mọ́ ọn, inú àjà òkè tí ẹnikẹ́ni kì í dé ló wà fún. Level 2 dára fún gáréèjì, àti fún ibi tí wọn yóò lẹ táìlì mọ́. Level 4 ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò: a óò rẹ́ ojú ibi tí pátákó ti pàdé ní ìgbà bíi mẹ́ta, a óò fá a, ọ̀dà tí kì í dán ni wọn yóò fi kùn ún. Level 5 ni pé lẹ́yìn gbogbo èyí, a tún máa fi mud fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ojú ògiri pátá. Òun ni ọ̀dà tó ń kọ mànà nílò, òun náà sì ni ògiri tí iná fẹ́ máa ràn láti ẹ̀gbẹ́ nílò. Dádì ń retí Level 5, èmi gba owó Level 4. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wa. Ká ní mo kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn sórí bébà, tí mo sì béèrè ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ kùn, bóyá 1,500 dọ́là péré ni à bá fi kún owó náà.

Òfin Maryland gan-an ò fún wa láàyè ọ̀rọ̀ ẹnu. Iṣẹ́ àtúnṣe ilé gbọ́dọ̀ ní àdéhùn tí a kọ sílẹ̀: orúkọ àti àdírẹ́sì agbaṣẹ́ṣe, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì tí Maryland Home Improvement Commission, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ wa lórí àtúnṣe ilé tí gbogbo wa ń pè ní MHIC, fún un, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó parí, irú iṣẹ́ àti irú èròjà, àti iye owó. Agbaṣẹ́ṣe ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Àsansílẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. (Ní California tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí 1,000 dọ́là, èyíkéyìí tó bá kéré jù.) MHIC ní àpò owó kan tí wọ́n fi ń gba oníbàárà sílẹ̀ bí agbaṣẹ́ṣe bá bá iṣẹ́ jẹ́ tàbí tó sá lọ. Àmọ́ bí ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún kò bá ní láísẹ́ǹsì, ẹ gbàgbé àpò yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò bínú sí mi nítorí gbólóhùn yẹn. Kí wọ́n bínú. Àwa náà la fà á tí àwọn oníbàárà fi ń wò wá tìfura-tìfura. Mo mọ ẹnìkan, ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́, ó gba ìdajì owó lọ́wọ́ opó kan, ó fi parí owó mọ́tò, ọ̀sẹ̀ méje ni ilé ìyẹn fi wà ní gbalasa. Nígbà tí wọ́n pè é, ohun tó sọ ni pé “Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ni mí.” Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ “ọmọ yín ni mí” lẹ́nu agbaṣẹ́ṣe, àyà mi máa ń já.

Kí n padà sí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, torí ibẹ̀ ni màmá ti fẹ́ fi dá mi lẹ́bi. Ẹ̀yin màmá, ṣé òótọ́ ni pé ẹnu nìkan lẹ fi bá bíríkìlà yẹn ṣe é? Bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ ra sìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ sanwó rẹ̀ fún un. Ẹ san díẹ̀ nígbà tó dé ìpìlẹ̀, ẹ san díẹ̀ nígbà tó dé líńtẹ̀ẹ̀lì. Àdúgbò kejì ló ń gbé, ẹ mọ ìyá rẹ̀, bó bá sì gbé owó yín sá lọ, ẹ mọ ilé tí ẹ ó ti lọ bá a lórí ẹní lóru. Àdéhùn yín ní ẹ̀rí, ó ní onígbọ̀wọ́, bébà nìkan ni kò ní. Níbí, èmi ni mò ń ra pátákó, Baltimore ni mo lè máa gbé, bàbá mi ò sí níbí tí ẹ ó fẹjọ́ mi sùn, aládùúgbò yín ò sì mọ orúkọ mi. Ohun tí ìyá bíríkìlà yẹn ń bá yín ṣe lọ́jọ́sí ni bébà yìí ń ṣe.

Ohun mìíràn tí ìwé ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni “ẹ kàn bá wa.” Ẹ kàn bá wa dí ihò yìí. Ẹ kàn bá wa wo àjà bálùwẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní nǹkan. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹfà, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ti bọ́ sọ́fẹ̀ẹ́, bí mo bá sì béèrè owó, mo di aláìmoore. Àgbà wí pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nínú ìwé tèmi, ààyè wà fún “ẹ kàn bá wa”: a ó kọ ọ́, a ó kọ iye rẹ̀, a ó fọwọ́ sí i kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe dínkù.

Mo tún ń kọ ọ̀rọ̀ gbígbẹ sí i. Bí a bá rẹ́ mud tí wọ́n ti pò sínú ike lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń tó bí odindi ọjọ́ kan kó tó gbẹ, nígbà òtútù tàbí òjò ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ohun tí oníṣẹ́ lè ṣe sí i. Oníbàárà á délé, kò ní bá ẹnikẹ́ni, ó di ẹjọ́: “Ẹ ò wá ṣiṣẹ́ lónìí.” Mud ló ń ṣiṣẹ́ o, sà. Èyí tó máa ń le láàárín ìṣẹ́jú ogún sí àádọ́rùn-ún wà, inú àpò ló máa ń wà ní lẹ́búlẹ́bú, ṣùgbọ́n fífá rẹ̀ le bí òkúta, n kì í lò ó fún ìgbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ irú pátákó sí i pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìjì líle Katrina ti ọdún 2005, pátákó wọ́n níbí, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọlé láti Ṣáínà. Àwọn kan nínú rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, wọ́n sọ wáyà kọ́pà inú ògiri di dúdú, ọ̀pọ̀ onílé ní Florida àti Louisiana ló ní láti tú ilé wọn palẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ́ ilé yín ṣáájú ọdún 1978, ọ̀dà tó ní òjé lè wà lára ògiri. Ẹni tí yóò tú u gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ó sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìléwọ́ tó ṣàlàyé ewu òjé kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní, “Kò sí ewu, ẹ̀yin ṣáà ti ṣí fèrèsé,” ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Màmá mi, ní ti àjà kíṣìnnì yín. Bí ẹni yẹn bá padà wá, ẹ gba ìwé rẹ̀, ẹ wọ awò yín, kí ẹ kà á dé ojú ewé kẹta. Ẹ wò ó bóyá ó kọ ẹni tí yóò wá ibi tí omi ti ń jò, ẹni tí yóò sanwó onípáìpù, àti bóyá kíkun ọ̀dà wà nínú owó náà tàbí kò sí. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ ní kó kọ ọ́ sí i níṣojú yín. Bí omi ò bá tíì dáwọ́ jíjò dúró, ẹ má jẹ́ kó kan pátákó tuntun mọ́ ibẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ pé ó mú ìwé ogún ojú ewé wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ drywall kan,
Lanham, Maryland.