Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kọ̀ǹpútà kan fún iṣẹ́ àti tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀rọ̀ iná.

Láti ìgbà tí ọjà ti gbówó lórí, ìbéèrè kan ni mò ń gbọ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá yìí: "Ṣé kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ò lè bá wa gbé fíìmù sórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ náà ni?" Ó lè ṣe é. Àbúrò mi tó ń dá yín lóhùn nídìí káńtà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò pé, torí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin mìíràn bá wà lórí ìlà la sábà máa ń sọ ọ́, tí èmi náà sì ń tú ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìyókù rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Kọ̀ǹpútà kan lè ní ojú méjì, ìyẹn mọ́nítọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n, àní mẹ́ta pàápàá. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn kíbọọ̀dù àti máòsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí ẹ ń gbé padà wá bá wa, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àṣìṣe tiwa bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan, olùkọ́, tí wọ́n ti ń bá wa ra ọjà tipẹ́, ní ká so dẹ́sítọ́ọ̀pù tó wà ní yàrá àwọn mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí àwọn ọmọ lè máa wo kàtúùnù. A fa wáyà HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, gba ara ògiri, àwòrán yọ, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, a gbowó, a lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá náà jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Wọn ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde ní pálọ̀, níbi tí ọmọ aládùúgbò kan, tó jẹ́ ọmọ kíláàsì wọn gan-an, jókòó sí. Ọmọ náà ló kígbe wọ yàrá pé, "Mà, nọ́ńbà kẹta yẹn, ẹ ò tíì kọ́ wa o!" Odindi ìdánwò ni wọ́n tún kọ. Àwa la fi í sórí Duplicate, tó ń gbé àwòrán kan náà sójú méjèèjì, tí a ò sì ṣàlàyé fún wọn.

Bí ẹ bá ti so wáyà tán, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ P. Nǹkan mẹ́rin ló máa jáde. "PC screen only" ni mọ́nítọ̀ nìkan, "Second screen only" sì ni tẹlifíṣọ̀n nìkan. "Duplicate" ni èyí tó tú àṣírí ìdánwò. "Extend" lẹ fẹ́. Bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ ẹní kejì mọ́ ti àkọ́kọ́ ló rí: ẹ fi máòsì wọ́ fíìmù kọjá etí mọ́nítọ̀, ó máa bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fẹ̀ ẹ́ kún ojú rẹ̀, kí ẹ padà sídìí lẹ́tà tí ẹ ń kọ. Ará pálọ̀ ò ní rí lẹ́tà yẹn.

Ọjọ́ kan á sì jọ́kan tí ẹ máa ṣí Excel, tí àmì rẹ̀ á hàn nísàlẹ̀ pé ó ti ṣí, ṣùgbọ́n tí ẹ ò ní rí i lójú mọ́nítọ̀. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ṣí sí, ẹ sì ti pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tẹ àmì rẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá di bọ́tìnì Windows àti Shift mú, kí ẹ tẹ ọfà òsì tàbí ti ọ̀tún. Ó máa fò padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kíbọọ̀dù. Ọ̀rọ̀ yìí ti jí mi lójú oorun rí.

Ohùn tún ni ìjà mìíràn. Bí wáyà HDMI bá ti wọlé, Windows sábà máa ń kó gbogbo ohùn lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, títí kan ohùn ẹni tó ń bá yín ṣe ìpàdé lórí Zoom. Ẹ wá wò ó: ọ̀gá yín ń bá yín wí, pálọ̀ ni ohùn wọn ti ń jáde, níwájú àlejò. Láti 2018 ni Windows 10 ti gbà kí a pín ohùn: ẹ wọ Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Sound, kí ẹ wá ibi tí ẹ ti lè yan sípíkà fún ètò kọ̀ọ̀kan. Ní Windows 11, "Volume mixer" ni wọ́n pè é. Ẹ fún Zoom ní hẹ́ẹ́dìfóònù, ẹ fún VLC, ètò tó ń gbé fíìmù, ní tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ bí fíìmù àti ìpàdé bá jọ wà nínú Chrome, ibì kan náà ni ohùn àwọn méjèèjì sábà máa ń gbà jáde. Ẹ fi Chrome wo fíìmù, kí ẹ fi nǹkan mìíràn ṣe ìpàdé.

Wàyí o, ọwọ́ kan tí mo wí. Bí ọmọ bá wá fi máòsì yín tẹ fíìmù, tí ẹ̀yin sì ń bá títẹ̀ yín lọ láìkọ́kọ́ tẹ lẹ́tà yín, orí fíìmù ni gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ máa lọ. Bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ tí ẹ fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, òun náà ló ń dá fíìmù dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kọ "A kí yín," ẹ ó ya "A" sọ́tọ̀, fíìmù á dúró. Ẹ ó ya "kí" sọ́tọ̀, fíìmù á tún gbéra. Inú pálọ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ ariwo.

Àwọn kan ti bi mí bóyá ìyá lè wà nínú àkáǹtì tirẹ̀ lórí mọ́nítọ̀, kí àwọn ọmọ wà nínú tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́ẹ̀kan náà. Windows tó wà nílé wa kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọlé, ojú méjèèjì di tirẹ̀, ẹnì kejì á lọ dúró ná. Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, lè ṣe é, bí ẹ bá ní káàdì àwòrán kejì, kíbọọ̀dù kejì àti máòsì kejì. Mo ti dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e fún oníbàárà tí mo bá fẹ́ràn. Síbẹ̀, ẹ yà àkáǹtì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, fún ìgbà tí ẹ ò bá sí nídìí rẹ̀. Ọmọ tó ń wá kàtúùnù lè pa fáìlì rẹ́ láìmọ̀.

Ní ti wáyà, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kí ẹ tó náwó. Dell OptiPlex 7010 ti 2012, èyí tí tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ nígboro, kò ní HDMI. Irú ihò mìíràn tí àwòrán ń gbà jáde ló ní: DisplayPort méjì àti VGA kan. VGA kì í gbé ohùn, àwòrán nìkan ló ń gbé. Àdápítà DisplayPort sí HDMI lẹ máa rà, ó máa gbé méjèèjì. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ dáadáa, torí èyí tó ń ti HDMI lọ sí DisplayPort jọ ọ́, kò sì ní ṣiṣẹ́ fún yín. Ohun mìíràn: ihò HDMI tó wà lára láptọ́ọ̀pù, ìta ló ń gbé àwòrán lọ. Ẹ ò lè ki dékódà bọ̀ ọ́ kí ẹ máa fi láptọ́ọ̀pù wo bọ́ọ̀lù. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta ni mo ti dá owó wáyà padà fún lórí èyí.

Bí àwòrán bá yọ tí etí rẹ̀ gé, tí ẹ ò rí aago tó wà nísàlẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló ń fẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ fi rìmóòtù rẹ̀ wá "Just Scan" tàbí "Screen Fit" nínú ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n náà.

Kọ̀ǹpútà Dell tí mo dárúkọ yẹn, ọpọlọ Intel ìran kẹta ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kó gbé fídíò 4K, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ju ti HD lọ, láti orí YouTube, fáànù rẹ̀ á máa ké bíi jẹnẹrétọ̀, Excel yín á sì máa falẹ̀, torí agbára tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ náà ló ń fi tú fídíò. Láti Intel ìran keje ni wọ́n ti fi ibi tó ń tú irú fídíò bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀ ní pípé. Ẹ dín in kù sí 1080p tàbí 720p, ara á tù ú. Dátà yín náà á pẹ́: Netflix fúnra wọn sọ pé HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, èyí tó rẹlẹ̀ kì í sì jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Lórí iná, ẹ má ki tẹlifíṣọ̀n bọ UPS kékeré, àpótí bátìrì tó wà fún kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi gba iṣẹ́ yín sílẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n máa jẹ tán.

Àwọn kan wà tí mi ò ní gbà níyànjú láti ṣe é rárá. Bàbá kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, alẹ́ ni wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́, àsìkò tí ilé ń wo fíìmù gan-an. Mo ní kí wọ́n lọ wo tẹlifíṣọ̀n wọn, ó ní YouTube nínú, wọn ò mọ̀ ni. Wọn ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sì ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò lè gba Windows 11, ẹ gbé e wá ká fi Kodi, ètò tí a fi ń wo fíìmù, sí i, kó máa gbé pálọ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Kodi, owó iṣẹ́ nìkan lẹ máa san.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wá, kí ẹ sì fi téèpù wọn ọ̀nà tí wáyà máa gbà, títí kan ibi tó ti máa yípo ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá ju mítà mẹ́wàá lọ, wáyà lásán á tó o. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ra àdápítà lọ́wọ́ wa, a máa tò ó fún un láìgbowó ní ṣọ́ọ̀bù, a ó sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Windows mọ́ P lójú wa kó tó lọ.

Èmi ni,
Oníṣọ́ọ̀bù yín ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn