Ẹ Yọ "Gbogbo" Kúrò Nínú Ọ̀rọ̀ Ẹ́ńsáìmù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ń ka ìwé ìròyìn yín, torí ó ń dùn mí.

Ọmọ mi wà ní SS2 níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Nínú ìdánwò bàọ́lọ́jì tó kọjá, wọ́n bi wọ́n pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ohun abẹ̀mí tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, tí ooru bá pọ̀ jù. Ó kọ ọ́ pé èyí tó pọ̀ jù á bàjẹ́, àmọ́ ti bakitéríà inú ìsun omi gbígbóná á ṣì máa ṣiṣẹ́. Òdo ni wọ́n fún un. Wọ́n tún fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ooru ń ba gbogbo ẹ́ńsáìmù jẹ́."

Mi ò kọ̀wé láti bú olùkọ́ náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ṣíbí tó kan ẹnu ro ẹ̀kọ mímu rí mọ̀ pé kì í pẹ́ tó fi máa ń ṣàn bí omi. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ń tú u. Mo ṣe é fún ọmọ yìí wò nínú kíṣìnnì wa: a bu itọ́ sínú ife méjì, a se ọ̀kan títí ó fi hó, a wá bu ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́rọ́ lé méjèèjì. Nígbà tó yá, ti itọ́ tútù ti ṣàn, ti èyí tí a sè ṣì ki bó ṣe wà. Ọmọ mi mọ ìyẹn dájú.

Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ PCR, èyí tó ń ṣe ẹ̀dà DNA (èròjà tó ń gbé àbùdá àjogúnbá) lọ́pọ̀ yanturu, ló wà níwájú mi látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rọ yìí á mú omi inú ike kékeré, tí kò gùn tó ìdajì ìka mi, gbóná dé ìwọ̀n 95 Celsius, kí okùn DNA méjèèjì lè tú kúrò lára wọn. Á mú un rọlẹ̀ dé nǹkan bí 55, á tún gbé e gòkè sí 72, kí ẹ́ńsáìmù lè máa kọ DNA tuntun. Á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30 sí 40. Ẹ́ńsáìmù tí a fi bẹ̀rẹ̀ náà la fi ń parí!

Nígbà tí Kary Mullis, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ lọ́dún 1983, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n kọ́kọ́ lò ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ti gbóná, wọ́n á tún bu òmíràn sí i. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní Taq ló gbà wọ́n. Ara Thermus aquaticus ló ti wá, bakitéríà tí Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Hudson Freeze rí nínú ìsun gbígbóná ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1969.

Ẹ́ńsáìmù dà bí okùn gígùn tí wọ́n ká jọ. Bó ṣe ká ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ooru á máa gbọ̀n ọ́n títí á fi tú. Gèlè tí wọ́n wé lóréfèé, ijó díẹ̀ ló máa tú u, èyí tí wọ́n fi píìnì há yípo á bá wọn dé òpin àríyá. Lára ẹ́ńsáìmù inú omi gbígbóná, àwọn apá tó ń fa ara wọn bíi mágnẹ́ẹ̀tì pọ̀, inú rẹ̀ sì há gádígádí. Ti bakitéríà inú omi dídì rọ̀ ní tirẹ̀, torí nínú òtútù, èyí tó bá le jù kò ní lè yíra padà ṣiṣẹ́. Irú èyí ló yẹ kó kan àwa tí a ń fi omi tútù fọṣọ, torí irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ ń wá.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yọ "gbogbo" kúrò nínú gbólóhùn yẹn. Ọmọ tó bá ti gbà pé kò sí ohun tó lè yè nínú ooru, kí ló fẹ́ wá lọ sí Ìkògòsì? Omi ibẹ̀ kò gbóná tó ti Yellowstone, èèyàn ń wẹ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí ọmọ wa bu ú, kó béèrè ohun tó wà níbẹ̀.

Ọmọ mi ti ní kí n ra tẹ̀mómítà fún òun ká tó lọ síbẹ̀ nínú họlidé. Mo ti rà á.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò kan,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.