Má Tíì Gbé E Fún Atẹ̀wé

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ọjọ́ mẹ́ta o! Àárò rẹ ń sọ mí, pàápàá bí àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè gbéná wojú mi. Àlàáfíà la wà. Bísí ti bímọ, obìnrin ni. Ìwé tí o kọ lórí ìtàn ìwé títẹ̀ ni ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Orí kejì, níbi tí o ti ní Gutenberg ló dá ìwé títẹ̀ sílẹ̀. Háà, Àjàní! Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi pákó fífín tẹ̀wé tipẹ́: ìwé ẹ̀sìn Búdà kan tí wọ́n kọ ọdún 868 sí lára ṣì wà títí dòní. Láàárín ọdún 1041 sí 1048, Bi Sheng, ará Ṣáínà kan, fi amọ̀ sísun ṣe àmì ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi oje igi páìnì, ìda àti eérú bébà lẹ̀ wọ́n mọ́ àwo irin. Bó bá gbé e sórí iná, á rọ̀; bó bá tutù, á le. Lẹ́tà irin ni wọ́n sì fi tẹ Jikji, ìwé ẹ̀sìn Búdà kan, ní Kòríà lọ́dún 1377.

Ohun tí Gutenberg, ọkùnrin ará Mainz ní Jámánì yẹn, ṣe gan-an ni kí o kọ: ó mú lẹ́tà irin, tàdáwà olóròóró àti ẹ̀rọ ìfúntẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀rọ ìfúntẹ̀ kì í ṣe tuntun, àjàrà ni wọ́n ti ń fi í fún. Dída lẹ́tà niṣẹ́ wà. Bí ọ̀nà náà ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyí: wọ́n á fín lẹ́tà ní òdì sórí ṣónṣó irin líle, wọ́n á fi òòlù gbá a sínú bàbà kí ojú rẹ̀ lè hàn níbẹ̀, wọ́n á wá da òjé yíyọ́ lé e. Òjé nìkan rọ̀ jù. Tánganran ń mú kó ṣàn, antimony, èròjà kan tó jọ irin, ń mú un le, kì í sì í jẹ́ kó súnkì púpọ̀. “i” lè tín-ín-rín, “m” lè fẹ̀, ṣùgbọ́n gíga wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tó bá ga jù á lu bébà, èyí tó bá kúrú ò ní gba tàdáwà. Tàdáwà olómi kì í lẹ̀ mọ́ irin, òróró àti dúdú èéfín ló ṣe é. Bébà náà, wọ́n ń rẹ ẹ́ díẹ̀; bó bá tutù jù, lẹ́tà á fẹ̀.

Nǹkan bí 180 Bíbélì ló tẹ̀ títí di nǹkan bí 1455, ọdún náà gan-an ni Fust tó yá a lówó gbé e lọ sí kóòtù. (Gbèsè àti ìwé títẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n.)

Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bí akọ̀wé àfọwọ́kọ bá ṣì í kọ, ẹ̀dà kan ló bàjẹ́; bí atẹ̀wé bá ṣì í tẹ̀, gbogbo ẹ̀dà ló bàjẹ́. Ní London lọ́dún 1631, Barker àti Lucas gbàgbé “kò” nínú òfin panṣágà, Bíbélì wá ń pàṣẹ pé kí a máa ṣe é! Owó ìtanràn pọ́n-ùn 300 ni wọ́n bù fún wọn. O sì fi orúkọ mi sínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ, àmọ́ mi ò ní pọ́n-ùn 300.

Jọ̀ọ́, dá a dúró. Ojú ìwé tí atẹ̀wé bá kọ́kọ́ tẹ̀ fún àyẹ̀wò ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà, torí àmì ohùn lè ṣí kúrò bí fọ́ǹtì bá yí padà. Bí ìwé náà bá sì ti wà lọ́wọ́ atẹ̀wé, má wulẹ̀ kọ̀wé fèsì. Pè mí lónìí.

Èmi ni,
Akin