Ta Ni Ó Ni Ìwé Orí Fóònù?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ìwé orí fóònù ṣe àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa láǹfààní púpọ̀, nítorí wọ́n lè mú kí lẹ́tà tóbi sí i. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ìwé tí a rà bẹ́ẹ̀ kì í sábà di tiwa. Ní ọdún 2019, nígbà tí Microsoft ti ìsọ̀ ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa, àwọn oníbàárà kò lè ṣí ìwé tí wọ́n ti rà níbẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a dá owó wọn padà. Kí àwọn olùtajà máa sọ ọ́ gbangba, kí a tó sanwó, bóyá wọ́n ń ta ìwé fún wa ni tàbí wọ́n kàn ń yá wa.

Èmi ni òǹkàwé yín.